Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ Dáhùn: Ojóbó Kí Ó Tó Di Kókó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lóṣù tó kọjá, mo kọ ọ́ síbí pé mi ò ní jẹ́ kí ẹ̀gbà péálì kankan jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi láìsí kókó láàárín ẹyọ kan sí èkejì. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ló fa gbogbo lẹ́tà tó kún orí tábìlì mi báyìí, inú mi sì dùn sí i ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ní Ìbàdàn níbí. Iyùn ìyàwó ló ń mówó wọlé fún mi jù, ṣùgbọ́n péálì ni ọwọ́ mi fẹ́ràn jù. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ tó kọ̀wé láti Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí ìbéèrè tirẹ̀ ló bí gbogbo ìyókù.

Kókó mi kì í dúró síbi tí mo fẹ́

*Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ ọdún 22 ni mí. Orí fóònù ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí nítorí kò sẹ́ni tó ń ta kókó sí péálì ládùúgbò wa. Ìgbàkígbà tí mo bá ta kókó, àlàfo máa ń wà láàárín kókó àti péálì, ó máa ń gbà tó hóró ìrẹsì kan. Tí mo bá ní kí n fà á kó sún mọ́ ọn, ó ti dì. Mo ti gé okùn dànù títí ó fi sú mi. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa? Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́.*

Ọmọ mi, kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ. Ò ń fa okùn kí ojóbó tó dé ibi tó ń lọ ni. Ojóbó ṣe é tì, ó ṣe é fà, ó ṣe é tú. Kókó tó ti dì kò ṣe é tì síbì kankan. Ibi tí ojóbó bá wà nígbà tó ń di kókó, ibẹ̀ ló máa wà títí okùn á fi gbó. Ohun tí o ní láti kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń gbé ojóbó rìn.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Kà á tán kí o tó gbé okùn.

Jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí o sì tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sórí tábìlì kí péálì má baà máa yí lọ. Sín gbogbo péálì rẹ sórí okùn, kó wọn sí apá ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́, kí o wá sún ẹyọ kan ṣoṣo lọ bá ìkọ́, ìyẹn irin tí a fi ń ṣí ẹ̀gbà tí a sì fi ń pa á dé. Na ìka méjì ọwọ́ òsì rẹ, ìka ìfábẹ̀lá àti ti àárín, bí ẹni tó ń ka èjì. Wé okùn yí wọn ká lẹ́ẹ̀kan, nítòsí péálì yẹn. Mú apá tí o ti ṣe tán, ìyẹn apá tí ìkọ́ wà, kí o ki apá náà bọ inú òrùka okùn tó wà lára ìka rẹ, kó já bọ́ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Yọ ìka rẹ jáde. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ ni ojóbó ńlá kan tó fẹ̀ bí ẹnu ife tíì. Má fà á o! Ibí yìí gan-an lo ti ń bà á jẹ́.

Gbé ẹ̀mú kékeré, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń tu irun ojú, ṣùgbọ́n kí ẹnu tirẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ki ẹnu ẹ̀mú náà bọ inú ojóbó, kí o fi di okùn mú níbi tó ti ń jáde lẹ́nu ihò péálì gan-an, débi pé irin ń kan ara péálì. Ó tó àkókò wàyí láti máa fa okùn, díẹ̀díẹ̀. Ojóbó á máa kéré sí i, á máa rìn lọ sẹ́nu ẹ̀mú nítorí kò ríbòmíràn gbà, títí á fi wé mọ́ ṣóńṣó irin náà. Tú ẹ̀mú sílẹ̀, yọ ọ́ wẹ́rẹ́, kí o sì fa okùn lẹ́ẹ̀kan náà. Kókó á já bọ́ sẹ́nu péálì, wàá mọ̀ ọ́n lára okùn pé ó ti jókòó. Fi èékánná àtàǹpàkò tì í. Tó bá jẹ́ ìlọ́po méjì ni okùn rẹ, ya méjèèjì nípá, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, kí o fà wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wàá rí i tí kókó náà tún sún síwájú díẹ̀, tí àlàfo tó kù sì pa dé. Ìdí tí mo ṣe fẹ́ ìlọ́po méjì fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn.

Tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, tí o sì tètè rí i, kókó ṣẹ́dà tí o kò tíì fà le ṣe é tú. Fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ méjì gún àárín rẹ̀, ya á sọ́tùn-ún sósì, á là. Má fi eyín tú u, itọ́ á mú kí okùn wú.

Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí ní Sùúrùlérè lọ́dún 1999 kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan péálì fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ìlẹ̀kẹ̀ oníke 40 ni wọ́n kà fún mi, pẹ̀lú òwú dúdú. Tí mo bá ta kókó tán sí gbogbo rẹ̀, wọ́n á gbé e sókè síta fèrèsé, wọ́n á máa wo ìmọ́lẹ̀ tó bá gba àárín kókó àti ìlẹ̀kẹ̀ kọjá. Tí wọ́n bá rí ìmọ́lẹ̀ níbì kan péré, wọ́n á mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n á gé gbogbo rẹ̀ sínú abọ́, wọ́n á ní kí n tún un ṣe. Mo sunkún lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n gbé e sókè, wọ́n wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Mi ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn nítorí ayọ̀. Ìwọ náà, wá ìlẹ̀kẹ̀ oníke 40, má tíì fọwọ́ kan péálì rẹ. Kí o sì máa gbé e síta fèrèsé.

Ṣé dandan ni ṣẹ́dà?

*Ìyá Onílẹ̀kẹ̀, okùn ọ̀rá tí àwọn apẹja ń lò ni mo fi ń sín gbogbo nǹkan mi. Ẹnìkan ní ṣẹ́dà ló yẹ péálì. Ṣẹ́dà wọ́n, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ò sì yé mi. Ṣé dandan ni? Oníṣẹ́ Ọwọ́, Abẹ́òkúta.*

Fún péálì, dandan ni, àbúrò mi. Mo mọ̀ pé okùn ọ̀rá ò wọ́n, mo sì mọ̀ pé ó ti mọ́ wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó le bí irun ẹṣin. Kókó rẹ̀ kì í fẹ́ dì, ó máa ń fẹ́ na padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Tí oòrùn àti ooru ara bá sì bá a pẹ́, á gbẹ, á kán láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1998, mo sín ẹ̀gbà péálì fún àbúrò ìyá mi tó fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Okùn ọ̀rá ni mo lò, mi ò ta kókó kankan sí i nítorí mi ò tíì mọ̀ ọ́n ta. Wọ́n jó dé iwájú pẹpẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n fi owó sínú àwo, okùn já. Mo wà lórí ìjókòó kẹta. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń ta lórí ilẹ̀, tá, tá, tá, tó ń yí lọ sábẹ́ àwọn bẹ́ǹṣì. Ẹyọ 52 ló wà lórí okùn náà, 41 la rí ṣà. Àbúrò ìyá mi ò bínú sí mi, wọ́n tiẹ̀ ń jó lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kan ò kúrò lọ́rùn wọn, níbi tí péálì ti bọ́. Ká ní kókó wà níbẹ̀ ni, ẹyọ kan ṣoṣo ni ì bá jábọ́. Ọjọ́ yẹn ló gbé mi dé Sùúrùlérè.

Kókó tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tí ojú kì í tètè rí. Péálì rọ̀ ju gíláàsì lọ. Tí ẹyọ méjì bá ń gbo ara wọn lójoojúmọ́, etí ihò wọn á máa jẹ, á máa bó. Kókó ló ń là wọ́n.

Ní ti nọ́ńbà: ṣẹ́dà tí wọ́n ń kó wá láti Jámánì, tó ti ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín lẹ́nu, mítà 2 ló máa ń wà lórí páálí kan. Nọ́ńbà 2 nípọn tó 0.45 mílímítà, nọ́ńbà 4 tó 0.60, nọ́ńbà 6 tó 0.70. Ihò péálì odò sì sábà máa ń wà láàárín 0.7 sí 0.8. Nọ́ńbà 2 ní ìlọ́po méjì, tàbí nọ́ńbà 6 ní ẹyọ kan, ni mo máa ń kọ́kọ́ dán wò. Sín ẹyọ méjì, ta kókó kan sí àárín wọn, kí o fà á dáadáa. Tí kókó bá rì sínú ihò, okùn yẹn kéré, gòkè sí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. Tí abẹ́rẹ́ ò bá kọjá, sọ̀ kalẹ̀. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fún ọ ní òfin mìíràn ju èyí lọ, nítorí ihò péálì kì í dọ́gba, kódà lórí okùn kan náà.

Kí o tó sín ohunkóhun, na ṣẹ́dà rẹ. Mo máa ń so ó kọ́ sára ìṣó, màá fi àgádágodo kékeré rọ̀ sí ìdí rẹ̀, á sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ṣẹ́dà tí a kò nà máa ń gùn sí i lọ́rùn oníbàárà, láàárín oṣù mélòó kan àlàfo á yọ lẹ́yìn kókó tó ti jókòó dáadáa tẹ́lẹ̀.

Ẹnìkan ti bi mí rí bóyá sányán wa ò lè ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé òwú kòkòrò lòun náà. Mo ti dán an wò pẹ̀lú òwú tí mo rà lọ́wọ́ ahunṣọ ìlú Ìṣẹ́yìn. Ńṣe ni wọ́n ń ran òwú sányán bíi òwú oko, kò dán gbọọrọ bí ṣẹ́dà tí wọ́n fà lẹ́yọ lẹ́yọ, ibì kan á ki, ibì kan á fẹ́lẹ́. Kò wọ ihò. Ó dùn mí.

Péálì ìyá mi

*Ẹ ǹ lẹ́ mà. Peckham nílùú London ni mò ń gbé. Ìyá mi kú lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì fi ẹ̀gbà péálì tí wọ́n fi ṣègbéyàwó lọ́dún 1974 sílẹ̀ fún mi. Okùn rẹ̀ ti di àwọ̀ tábà, mo sì ń rí okùn láàárín péálì àti kókó. Ọmọbìnrin mi fẹ́ fi ṣe ìyàwó lóṣù Kẹjọ. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá péálì gidi ni? Ṣé mo lè tún un sín fúnra mi? Ẹ̀rù ń bà mí láti gé e. Ọmọ Ìyá Rẹ̀.*

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, á sì jẹ́ kí ọmọ yín fi ẹ̀gbà náà lọ́kọ rere.

Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ rọra fi pa etí eyín iwájú yín láìtẹ̀ ẹ́. Péálì gidi máa ń ṣe kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lójú eyín bí ìgbà tí iyanrìn kíkúnná bá wà lẹ́nu. Gíláàsì àti ike á yọ̀ lọ gbọọrọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ẹnu ihò rẹ̀. Èyí tí wọ́n kùn lọ́dà máa ń bó níbẹ̀, ẹ ó sì rí àwọ̀ mìíràn lábẹ́. Péálì gidi kò ní ọ̀dà tó máa bó.

Tẹ́nìkan bá wá sọ fún yín pé péálì ọ̀sìn lásán ni, ẹ má jẹ́ kó bà yín lọ́kàn jẹ́. Láti ọdún 1893 tí Kokichi Mikimoto ti mú péálì jáde lára ẹran inú ìkarahun tó ń sìn nínú òkun ní ilẹ̀ Jàpáánì ni iṣẹ́ náà ti ń tàn kálẹ̀. Àfàìmọ̀ kí péálì tí wọ́n tà lọ́dún 1974 má jẹ́ ti ọ̀sìn. Ọ̀sìn kì í ṣe ayédèrú. Èèyàn ló ki nǹkan bọ inú ìkarahun, ṣùgbọ́n ẹran náà fúnra rẹ̀ ló da ara rẹ̀ bò ó, ìpele lórí ìpele. Ẹ̀rọ X-ray nìkan ló lè fi ìyàtọ̀ hàn dájú láàárín ti ọ̀sìn àti èyí tí òkun dá ṣe.

Àwọ̀ tábà àti okùn tó ń yọ lẹ́yìn kókó yẹn ń sọ fún yín pé okùn ti gbó. Ẹ má jẹ́ kó dé ọrùn ìyàwó bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì kó ní kòtò gígùn láàárín, ẹ tẹ́ ẹ̀gbà náà sínú kòtò yẹn, kẹ́ ẹ sì ka ẹyọ rẹ̀, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó tóbi láàárín, ó ń kéré lọ sí ìkángun méjèèjì. Tí wọ́n bá dàrú, odindi ọ̀sán kan ni ẹ ó fi tò wọ́n padà. Láti ẹ̀gbẹ́ ìkọ́ ni kẹ́ ẹ ti máa gé kókó lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì kékeré, kẹ́ ẹ máa fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ níbi tó wà. Kò gbọdọ̀ sí fífà. Tí òwú bá há sínú ihò, ẹ fi abẹ́rẹ́ tì í jáde láti ẹ̀yìn. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ wọ́n, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù wọ́n, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ di ọjọ́ kejì. Ọtí kíkan, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọṣẹ ìfọyín ò gbọdọ̀ kàn án. Ohun tó wà lára péálì jọ ohun tó wà lára èèpo ẹyin, omi kíkan á jẹ ẹ́.

Ní ti pé kẹ́ ẹ sín in fúnra yín: ẹ ṣì ní àsìkò, àmọ́ kó má jẹ́ pé orí péálì ìyá yín ni ẹ ó ti kọ́ ọ. Ẹ ṣe ẹ̀gbà mẹ́ta pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ olówó pọ́ọ́kú ná. Tí ẹ̀kẹta bá dáa tó láti gbé sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ bọ́ sí i. Tí kò bá dáa tó, àwọn tó ń tún ẹ̀gbà ṣe wà ní Hatton Garden lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún. Ẹ ní kí wọ́n ta kókó sí àárín gbogbo ẹyọ, kí wọ́n ka iye rẹ̀ lójú yín, kí wọ́n sì fi ìkọ́ àtijọ́ náà padà sí i tí kò bá tíì gé, nítorí ìka ìyá yín ló ti ń ṣí i tó ń pa á láti ọdún 1974.

Ẹ fi okùn àtijọ́ yẹn sínú àpòòwé, ẹ tọ́jú rẹ̀. Òógùn ọrùn wọn ló sọ ọ́ di àwọ̀ tábà.

Iyùn ńkọ́?

*Mà, ìyá àgbà wa fi iyùn àti sẹ̀gi díẹ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ ta kókó sí wọn bíi ti péálì kí wọ́n má baà sọnù. Ẹ̀gbọ́n mi ní èèwọ̀ ni. Ìjẹ̀bú-Òde.*

Mi ò gbọ́ ọ rí pé èèwọ̀ ni, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ń sọ. Iyùn kì í fẹ́ kí a rí okùn rẹ̀. Ẹyọ ni yóò kan ẹyọ, pupa á kan pupa, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kún ọrùn. Tí kókó bá là á, á dà bí eyín tó ní èjí níbi tí a kò fẹ́ èjí sí. Ihò iyùn tún fẹ̀, á gbé kókó mì. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé màá fi okùn tó nípọn, tí a fi ìda pa, sín in, màá wá fi kókó oníṣẹ́po méjì sẹ́yìn gbogbo ẹyọ kẹwàá, màá fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa tíńtín kan bo ojú kókó náà. Bí okùn bá já, mẹ́wàá péré ló lè bọ́, ẹni tó ń wò ó ò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Ti sẹ̀gi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò rẹ̀ fẹ̀ o! Gíláàsì ni. Àwọn baba wa ní Ilé-Ifẹ̀ ń ṣe gíláàsì fúnra wọn, wọ́n sì ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí wọ́n wú ilẹ̀ Igbó Olókun láìpẹ́ yìí, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 ni wọ́n rí, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ ọ. Ẹ ò lè mọ ọjọ́ orí ẹyọ tó wà lọ́wọ́ yín. Etí ihò gíláàsì àtijọ́ máa ń mú, ó lè rẹ́ ṣẹ́dà lórí bó bá ṣe ń mì. Ẹ fi okùn tó lágbára sín in, ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ rírọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Oníbàárà ní owó mi ti pọ̀ jù

*Wọ́n ní kí ni mo ṣe sí i tí owó ẹ̀gbà péálì kan fi tó bẹ́ẹ̀. Mókólá, Ìbàdàn.*

Ka kókó fún wọn. Péálì 8 mílímítà, ẹyọ 50, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40. Kókó 49 tó wà láàárín wọn á fi bíi sẹ̀ǹtímítà 5 kún un, ó di 45, ìyẹn íǹṣì 18, èyí tó ń jókòó jẹ́jẹ́ sísàlẹ̀ ọrùn. Kókó 49, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀mú. Wákàtí mẹ́rin ni àkọ́kọ́ gbà mí, ní báyìí kò gbà mí tó wákàtí kan, ṣùgbọ́n owó tí mò ń gbà ò torí ìyẹn wálẹ̀.

Mo ní ẹ̀gbà méjì kan nínú dúrọ́ọ̀ mi, oníke ni méjèèjì. Ọ̀kan ní kókó, èkejì ò ní. Tí oníbàárà bá ń ná mi ní ìná tí kò dáa, màá gbé méjèèjì fún un pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, màá ní kó gé wọn láàárín. Èyí tí kò ní kókó á dà sílẹ̀ wàràwàrà, a ó jọ máa ṣà á lábẹ́ tábìlì. Èkejì á wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe wà. Mi ò kì í ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ lẹ́yìn ìyẹn.

Péálì mi ń ṣú

*Ọdún kan péré ni mo rà á. Lọ́fíńdà ni mo máa ń fín sí i kó lè máa ta sánsán. Ìlọrin.*

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Lọ́fíńdà, ìpara, èròjà irun, gbogbo rẹ̀ ló ń pa dídán rẹ̀. Ẹ wọṣọ tán, ẹ fín lọ́fíńdà tán, kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó gbé péálì sọ́rùn. Tẹ́ ẹ bá délé, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bọ́. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tó tutù díẹ̀ nù ún, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú aṣọ, ẹ má fi kọ́ sára ìṣó nítorí okùn á nà, ẹ má sì dì í pa sínú ọ̀rá. Dídán tó ti lọ ò ní padà mọ́, ṣùgbọ́n ìyókù ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Ṣé kò ti pẹ́ jù fún mi?

*Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ọdún mi jẹ́ 63. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n díẹ̀, mo sì ń lo awò. Mo fẹ́ kọ́ péálì títa kókó kí n lè ṣe ẹ̀gbà fún àwọn ọmọ-ọmọ mi márùn-ún. Àwọn ọmọ mi ní kí n lọ sinmi. Adó-Èkìtì.*

Ẹ ǹ lẹ́ mà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Lẹ́tà yín ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò pẹ́ jù.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú péálì funfun àti okùn funfun, ojú ọmọ ogún ọdún gan-an á pòrúurùu níbẹ̀. Ẹ ra ìlẹ̀kẹ̀ funfun tó tó mílímítà 10 pẹ̀lú òwú dúdú tó nípọn. Ẹ ó máa rí ojóbó bó ṣe ń rìn. Ẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láàárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti apá òsì yín tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé tábìlì. Ọwọ́ tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n.

Ẹ̀mú lè ṣòro fún yín, ó ń fẹ́ kí ìka méjì máa tẹ̀ ẹ́ láìdẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ lo abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń rán àpò. Ẹ ta ojóbó bí mo ṣe sọ fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lókè, ẹ ki ṣóńṣó abẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ ti ojóbó náà lọ títí á fi kan péálì. Ẹ máa fa okùn bẹ́ ẹ ṣe ń tì í. Tó bá ti dúró pa síbẹ̀, ẹ yọ abẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ fi èékánná parí rẹ̀. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣe tiwọn títí wọ́n fi dàgbà, nítorí àrùn oríkèé wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ ó tún fẹ́ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa parí ìkángun. Ẹ ra irin kékeré tó dà bí ìkarahun méjì tó ń pa dé, èyí tó ní ihò nídìí. Ẹ gba okùn nínú ihò yẹn, ẹ ta kókó méjì léra wọn nínú rẹ̀, ẹ kán gúlúù sí i ní ẹ̀kán kan pẹ̀lú ẹnu abẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ dúró títí á fi gbẹ pátápátá kẹ́ ẹ tó gé ìyókù okùn. Gúlúù tí kò tíì gbẹ máa ń ṣàn lọ sínú ihò péálì, á sì mú okùn gan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀mú pa ìkarahun náà dé, kẹ́ ẹ fi ìkọ́ sí i. Ọ̀nà tí kò lo ìkarahun wà, níbi tí okùn ti ń padà gba inú péálì mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó lẹ́wà jù, ṣùgbọ́n ẹ ó ní láti fi irin tí ẹnu rẹ̀ ní dáyámọ́ǹdì fẹ ihò àwọn mẹ́ta náà lójú nínú omi. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ọmọ-ọmọ kẹta.

Mẹ́wàá lóòjọ́ ti tó. Tí ẹ bá ta kókó sí 40 tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú lẹ́tà yín tó ń bọ̀. Màá gbé e síta fèrèsé.